Ewé Tó Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ kan tí ìwà rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo wá fi òwe kádìí rẹ̀: ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá àgbà, kí ni ewé ń wá lára ọṣẹ?"

Mi ò tètè rí èsì fọ̀. Inú ike ni ọmọ yìí ti mọ ọṣẹ dúdú. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, ewé ni ìyá ọlọ́ṣẹ fi ń pọ́n ọn. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, ewé á rọ̀, á dúdú, á lẹ̀ mọ́ ọṣẹ débi pé tí o bá ń bù ú wẹ̀, o ò ní mọ èwo lo bù. Ohun tí à ń fojú rí ní balùwẹ̀ la fi ń pòwe.

Ọmọ náà kò tíì tán. "Tó bá jẹ́ ọ̀rá ló pẹ́ lára ọṣẹ ńkọ́?" Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀rá lè bá ọṣẹ gbé fún ogún ọdún, ọ̀rá ni yóò máa jẹ́.

Òwe kejì tún wà tó fara jọ ọ́: ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ, kó dárí ji ewé. Ewé tí a bọ́ lára ẹ̀kọ, ààtàn ló ń lọ, òjò bíi mélòó kan á pa á, ó parí. Èèyàn lè dárí jì í. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dárí ji ọ̀rá tó dí gọ́tà ojúlé wa láti ọjọ́ Iléyá.

Ẹ bá mi dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń ṣì lò. Wọ́n á ní, "ọ̀rá tí kì í bàjẹ́." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ di ìrẹsì kóńgò méjì sínú rẹ̀, kí ẹ tó dé ìdíkọ̀, etí rẹ̀ á ti já. Ọ̀rá ń bàjẹ́ dáadáa. Kì í jẹrà ni. Ohun tó bàjẹ́ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó jẹrà ti tú, ó ti ń padà di erùpẹ̀. Ọbẹ̀ tó kan ti bàjẹ́, kò tíì jẹrà. Aago tó kú ti bàjẹ́, kò sì ní jẹrà láéláé. Mo ti rí ẹni tó kọ "àìdíbàjẹ́" sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ike nínú ìwé ìléwọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Bíbélì àti ọjọ́ àjíǹde. "Àìjẹrà" ti tó ike.

Àwọn ìyá wa kò tilẹ̀ ní "lọ da ìdọ̀tí nù". Ohun tí wọ́n ń wí ni "lọ da ilẹ̀ nù." Ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é kó tó di ilẹ̀. Orí ààtàn yẹn náà ni tètè àti ìbẹ́pẹ ti ń hù láìsí ẹni tó gbìn ín. Bọ́là tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn Haúsá la ń pe tiwa báyìí, mi ò sì rí ẹni tó ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí gbogbo wa ń pè ní tékàwéè. Ní oṣù Keje ọdún 2025, òfin náà dé orí ife ike, strọ́ọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. "Ike àlòsọnù" ni àwọn kan ń pè wọ́n. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: owó mi tó sọnù, mi ò rí i mọ́, ike tí mo sọ nù, ojoojúmọ́ là ń pàdé.

Kí la ó wá fi di oúnjẹ? Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá eléwé lọ. Eléwé ni o, kì í ṣe "ẹlẹ́wé" bí mo ṣe rí i lára pátákó kan. Bí "oní" bá pàdé ewé, n á di l, fáwẹ̀lì iwájú á sì tẹ̀ lé ti ewé. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ní ọlọ́ràá àti alágolo. Oníke kò yí padà, torí i ló bẹ̀rẹ̀ ike. Gbogbo wọn wà lọ́jà lára mọ́ínmọ́ín, ìṣe wọn kò sì dọ́gba: pípọ́n là ń pọ́n ti eléwé, dídì là ń di ti ọlọ́ràá, bíbù là ń bu ti alágolo.

Ìyá eléwé fi aṣọ tútù nu ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gé igi ìdí rẹ̀, ó sì kó àwọn igi náà sínú àpò mi. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó ní, "Ẹ kó o fún ìyàwó yín. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń tẹ́ ẹ sí, kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná." Mo béèrè bóyá ọjà ti yá sí i látìgbà tí òfin dé. "Bàbá, ọjà ń yá, ewé ni ò sí. Wọ́n ti gé ẹgàn tí wọ́n ti ń já a."

Ẹgàn, igbó ńlá tí ọkọ́ kò kàn rí. Bí ẹ bá ṣi àmì ohùn fi sí i, ẹ̀gàn lẹ kọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tí a fi mú igbó náà kò jìnnà sí i. Abẹ́ òjìji igi ni ewé eéran tí à ń fi pọ́n mọ́ínmọ́ín ti ń hù. Igi lọ, ewé lọ.

Èso ewé eéran pupa, ìdí rẹ̀ nílẹ̀ ló ti ń so. Àwa ọmọdé máa ń lá ohun tó yí kóró rẹ̀ ká, adùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu. Ní ọdún 1972 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ya adùn náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní thaumatin. Purotéènì ni, kì í ṣe ṣúgà, ó sì dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000. E957 ni wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ ní Yúróòpù bí wọ́n bá fi sí i. Owó ńlá wà nídìí ohun tí àwọn tó ń já ewé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá.

Ewé eéran ni orúkọ tí èmi bá lẹ́nu ìyá mi, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé mọ́ínmọ́ín, mo sì mọ̀ pé kò lè tán síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè é nílùú yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn.