Ọmọ Mi Ń Bọ̀ Láti Rímáǹdì, Bàbá Rẹ̀ Ní Pàṣán Lòun Máa Fi Kí I

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 13. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà ní rímáǹdì, ilé àtúnṣe ìwà àwọn ọmọdé. Ó máa ń sá níléèwé, ó máa ń jí owó ọjà mi, nígbà tó sì fi òkúta fọ́ ọmọ aládùúgbò lórí, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní ìwà rẹ̀ ti ń dára, kí a múra láti gbà á padà. Inú mi dùn, àmọ́ àyà mi ń já. Bàbá rẹ̀ ní pàṣán lòun máa fi kí i káàbọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Onírẹsì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Kò sí abiyamọ tí irú èyí kò ní já láyà. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọmọ burú tó, a kì í fà á fún ẹkùn pa jẹ. Àmọ́ bí ọmọ ṣe ń múra àtiwálé, ilé náà gbọ́dọ̀ múra dè é.

Ẹ má jẹ́ kó dé lójijì. Ẹ máa lọ kí i, kí ẹ sì bẹ àwọn wẹ́fíà kí wọ́n jẹ́ kó máa wá lo òpin ọ̀sẹ̀ nílé kó tó dé pátápátá. Bí ẹ bá ń lọ kí i, ẹ mú àbúrò rẹ̀ dání, kó rí i níṣojú àgbàlagbà. Ẹ tètè wá iléèwé sílẹ̀. Ọmọ tí kò ríbi lọ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni yóò gbà lọ.

Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ wẹ́fíà, kó sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Kó sì gbọ́ pé lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, adájọ́ pàápàá kò láṣẹ láti ní kí wọ́n na ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Bó bá jẹ́ pàṣán ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, títì ni yóò tún sá lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí ara bá tù ú tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dán yín wò, bóyá ẹ óò tún lé e. Ẹ lè gbé ìrọ̀rí rẹ̀ kí ẹ bá búrẹ́dì gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má torí ẹ̀ pè é ní olè. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti gbé ní rímáǹdì máa ń fi oúnjẹ pamọ́, torí ẹ̀rù ebi ọ̀la. Ẹ bu gààrí sínú ike kan, kí ẹ sọ fún un pé tirẹ̀ ni, ìgbàkígbà tí ebi bá pa á.

Owó ọjà yín, ẹ tì í pa. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi owó kékeré rán an níṣẹ́, kí ẹ sì jọ ka ṣéńjì. Bó bá pé, ẹ yìn ín. Bí kò bá pé, kó fi iṣẹ́ ilé san án, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Òfin mẹ́ta ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀: kò gbọdọ̀ jà, kò gbọdọ̀ pa iléèwé jẹ, kó sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tí kì í sùn, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti ìwà ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn UCH, n'Ìbàdàn yín níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn wẹ́fíà fọwọ́ nù lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò máa wá wò ó, kí ẹ sì gba nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá tún ṣìwà hù, òṣìṣẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kì í ṣe ọlọ́pàá.