Onílẹ̀ tàbí Alòlẹ̀? Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Òfin Ilẹ̀

Nínú àṣà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìdílé ni ó ni ilẹ̀. Mọ́gàjí kàn ń bójú tó o fún wọn ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Ẹ̀tọ́ ìlò ni ó kù fún olúkúlùkù: gómìnà ni ó ń fún ni nígboro, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ni ní ìgbèríko.

Nítorí náà, bí a bá túmọ̀ ìwé tí a mọ̀ sí C of O sí 'ìwé onílẹ̀', a ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí ìjọba bá gba oko kan láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti la títì, owó ilé àti ohun ọ̀gbìn ni òfin ní kí a san. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju iye tí àgbẹ̀ san fún ìlò rẹ̀ lọ́dún náà lọ.

A dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lábàá: 'ẹ̀tọ́ ìlòlẹ̀', 'ìwé-ẹ̀rí ìlòlẹ̀' fún C of O, 'alágbàtọ́ ilẹ̀' fún ipò gómìnà, 'ìṣákọ́lẹ̀' fún owó tí alòlẹ̀ ń san fún ìjọba, nítorí pé ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ pé òun kọ́ ni onílẹ̀. Orúkọ tí ó bá tọ́ ni yóò jẹ́ kí àgbẹ̀ mọ ohun tí ó ń tẹ̀ka sí.