Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Onígbàgbọ́ Lórí Àga Dókítà Eyín

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù dókítà eyín máa ń dí ọ̀pọ̀ èèyàn lójú pátápátá. Wọ́n á ki iyọ̀ sí ibi tó ń dùn wọ́n. Wọ́n á gbé ògógóró sẹ́nu kí wọ́n tó tu ú dànù. Wọ́n á rún aspirin mọ́ èrìgì, bẹ́ẹ̀ sì ni aspirin lórí èrìgì máa ń jó ẹran ẹnu bó ni. Wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é, oṣù á sì máa gorí oṣù. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tán ni wọ́n á tó gbéra, eyín tí dókítà ì bá ti dí á sì ti di èyí tó gbọ́dọ̀ yọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọ́pọ̀ débi pé àwọn onímọ̀ ti ṣe òṣùwọ̀n fún un. Norman Corah gbé ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1969. Gerry Humphris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe ní 1995, wọ́n sọ ọ́ di ìbéèrè 5: báwo ni ọkàn aláìsàn ṣe rí bó bá jẹ́ pé ọ̀la ló fẹ́ lọ, bó bá jókòó tó ń retí kí wọ́n pè é, bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gbẹ́ eyín rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ fọ eyín rẹ̀, àti bí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ lérìgì. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5 títí dé 25. Ẹni tó bá gba 19 sókè, ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Ẹ wo ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Dókítà kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àdúrà ẹni tó fẹ́ lọ tọ́jú eyín fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn létí.

Àwọn onígbàgbọ́ kan máa ń tijú láti sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn, wọ́n rò pé ẹni tó nígbàgbọ́ kì í gbọ̀n. Jésù fúnra rẹ̀ ní ìdààmú ọkàn ní Gẹtisémánì. Ìwé Mátíù orí 26 sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tún sọ. Àdúrà kúkúrú tí a ń tún sọ, òun gan-an ni àdúrà tó bá àga dókítà eyín mu. Ẹnu ti kún fún irin àti òwú, kò sáyè àdúrà gígùn. Kò sì sáyè fún àdúrà agbára tí à ń mi orí sí, nítorí orí tó bá ń mì lè mú kí irin ṣèèṣì ya ahọ́n.

Ohun tí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ara hàn nínú ìwádìí kan tí Luciano Bernardi láti Pavia ní Ítálì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, BMJ, ní 2001. Wọ́n ní kí èèyàn 23 tí ara wọn le máa ka àdúrà Mo Kí Ọ Màríà ti àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn. Bí wọ́n ṣe ń kà á, mímí wọn fa sẹ́yìn títí tó fi dé nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn wọn sì ń bá mímí náà rìn létòlétò. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí láàárín ẹ̀ẹ̀méjìlá sí ogún. Kò yẹ kí èyí kó ìtìjú bá onígbàgbọ́, bíi pé wọ́n ti sọ àdúrà rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró lásán. Ẹni tó dá ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbọ́ àdúrà.

Nítorí náà, kí èèyàn mú gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti mọ̀ sórí láti kékeré, bóyá nínú Sáàmù 23 tàbí 121. Kó fa èémí sínú láti imú pẹ̀lú ìdajì rẹ̀, kó rọra mí jáde pẹ̀lú ìdajì kejì. Inú ọkàn ni kó ti máa sọ ọ́. Kó fi dánra wò nílé ṣáájú, torí ohun tí ara kò bá tíì mọ̀, ìpayà kì í jẹ́ kó rántí.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí aláìsàn sọ fún dókítà pé ẹ̀rù ń ba òun, kó sì tọrọ ìṣẹ́jú kan láti gbàdúrà. Kí wọ́n jọ fẹnu kò pé bó bá na ọwọ́ òsì sókè, kí iṣẹ́ dúró. Kó sọ bó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, bó bá lóyún, tàbí bó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kó béèrè bóyá eyín náà ṣì ṣeé dí, torí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó gbààwẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ èrìgì lè dákú lórí àga. Àfi bí dókítà bá sọ pé kó má jẹun nítorí pé wọ́n fẹ́ fi oògùn kùn ún lóorun, kó jẹun kó tó lọ. Nígbà tí ẹ̀rù ba Èlíjà tó sá lọ sí aginjù, oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń já ọ̀pọ̀ láyà jù. Lidocaine ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, oògùn tí Nils Löfgren ṣe ní Sweden ní 1943. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ adrenaline díẹ̀ kó lè pẹ́ níbi tí wọ́n gún un sí. Adrenaline yìí lè mú kí àyà aláìsàn máa lù kìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é o, oògùn ni. Kó sọ fún dókítà, kó padà sórí gbólóhùn rẹ̀, yóò rọlẹ̀. Ẹnu á kú tipiri fún wákàtí mélòó kan. Bí wọ́n bá ń yọ eyín, aláìsàn á ṣì mọ̀ pé wọ́n ń tì í, wọ́n sì ń fà á. Bó bá jẹ́ ìrora ló ń mọ̀, kó nawọ́ sókè, wọ́n á fi oògùn kún un.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti oògùn ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà ìsọjí Òkè-Òóyè ní Iléṣà ní 1930, èyí tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe aṣáájú rẹ̀, àdúrà àti omi ni ọ̀pọ̀ gbára lé. Nígbà tó yá, oògùn kuiníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì láti Bìrìtéènì ń lò wà lára ohun tó fa ìyapa láàárín wọn àti àwọn ọmọ ìsọjí náà, èyí tó bí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church). Ní Iléṣà kan náà ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild sí. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wọ̀nyẹn kì í ṣe ohun à ń fojú tín-ín-rín. Síbẹ̀, Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 20 fi hàn pé lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún Hesekáyà, wòlíì Aísáyà ṣì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ eéwo ọba. Ìlérí wà níbẹ̀, oògùn náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìsìn ọjọ́ Àìkú. Bí wíwú bá kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dé abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, bí ẹnu kò bá ṣí dáadáa mọ́, bí itọ́ bá ṣòro láti gbé mì tàbí bí mímí bá ń nira, àrùn inú eyín náà ti ń lọ sí ibi tó lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Irú rẹ̀ ti pa èèyàn. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ní ìtọ́jú pàjáwìrì tó sún mọ́ yín jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré gbà lọ, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ pe pásítọ̀ yín láti inú ọkọ̀, kó máa gbàdúrà bí dókítà ṣe ń múra.