Mọ́tò Tó Dúró Sẹ́yìnkùlé

Ẹ̀yin ọmọ wa, láti ìgbà tí kòkó ti mówó wọlé ni ọ̀rọ̀ mọ́tò kò ti kúrò lẹ́nu yín, láti Odigbó títí dé Òrè. Ní òpin ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó rí owó náà gbà nígbà tó gbóná ti ra tirẹ̀, ó ti ń fọn fèrè kiri. Ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọkọ̀ àtijọ́ kan sì dúró sẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó ń rò ó bóyá kí òun tún un ṣe tàbí kí òun tà á.

Kí ẹ tó bi mẹkáníìkì pé èló, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ náà ń ṣe. Èyí tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa láti oko wá sọ́jà Òrè, tàbí tó ń gbé èrò lọ sí Òkìtìpupa lójoojúmọ́, gbèsè ni gbogbo ọjọ́ tó bá fi dúró. Èyí tí ẹ ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó nìkan lè dúró títí ọwọ́ yín yóò fi tẹ owó. Mo mọ̀ pé èyí kò dùn létí ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kadà kò tí ì tán ní Òrè.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ fi owó tó ju ìdajì iye ọkọ̀ lọ tún ọkọ̀ ṣe. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ n kò gbà á tán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là tí kò tó 500 náírà tẹ́lẹ̀ gòkè dé nǹkan bí 1,500 kí ọdún kan tó yí po. Dọ́là àti owó òkèèrè mìíràn sì ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀ tó ń wọlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé owó àtúnṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ lè ta ọkọ̀ yín. Iye tí ẹ ó fi ra òmíràn ni kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi owó àìsàn tó bá ti òkèèrè wá lé e. Àìsàn ọkọ̀ tó wà nílé, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ká ní àtúnṣe yóò gba 700,000 náírà, tí ọkọ̀ náà kò sì ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́jà, tí òmíràn tó dà bíi rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, èmi yóò tún un ṣe, bí egungun rẹ̀ bá ṣì le.

Ibi egungun yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin kò mọ bí ọ̀nà Òrè sí Bìní ṣe rí ní nǹkan bí ọdún 2009 sí 2010, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò ń sun ojú títì mọ́jú. Ọ̀nà jẹ ṣọ́ọ̀kì, ó jẹ búṣì, ó jẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ìwọ̀nyí kì í ṣe àìsàn, oúnjẹ tí ọkọ̀ ń jẹ ni, ẹni tó bá ń rìn yóò rà wọ́n. Àìsàn ni bí omi rédíétọ̀ bá ń gbẹ láìsí ibi tó ti ń jò, tí èéfín funfun ń tú, tí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì sì ti di funfun bí ògì: omi ti wọnú ọ́ìlì nìyẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ti jó. Bí ẹ bá tètè dúró nígbà tó gbóná, ó ṣeé wò. Bí ẹ bá ti wà á délé bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀. Bí èéfín bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jẹ. Ẹ ní kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Gíà aláfọwọ́fà ṣì ṣeé tún ṣe nítòsí wa. Èyí tó ń yí fúnra rẹ̀, tó bá ti ń yọ̀, ẹ ronú dáadáa. Férémù tí ìpẹtà ti jẹ, tàbí tí ìjàm̀bá ti ká, ẹ tà á. Kò sí pánẹ́lì-bítà tó lè dá a padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ tún wò ó bóyá ọwọ́ tó mọ ọkọ̀ náà wà nítòsí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, 504 gba gbogbo ojú títì. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ láyé ni pé kò sí ìlú tí ẹ ó dé tí ẹ kò ní rí ẹni tó lè tú u, tí ẹ kò sì ní rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Corolla àti Camry ló wà ní ipò yẹn lónìí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni ẹ ó máa sá lọ nítorí sẹ́ńsọ̀ kan, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ yín náà wà lára àtúnṣe.

Bí ẹ bá ti pinnu láti tún un ṣe, bíréèkì, táyà àti sítíárìn ló ṣíwájú. Ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní là ń sọ yìí, àwọn tírélà ni yóò máa sáré tẹ̀ lé yín. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014; ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta irú rẹ̀ fún yín, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn. Mo rí i tí àwọn ọmọ kan ń kun ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń dún kíríkírí!

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì méjì tí kò mọ ara wọn wò ó. Ẹ ra ẹ̀yà ara fúnra yín, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n yọ padà sọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ẹ pààrọ̀, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nínú ìwé ọkọ̀, kí ọlọ́pàá má baà sọ yín di olè. Pabanbarì rẹ̀, ẹ kọ iye tí ẹ kò ní kọjá sílẹ̀ kí wọ́n tó tú bóòtù kan. Owó tó ti wọlé kì í ṣe ìdí láti tún kó òmíràn sí i. Tí a bá fi ogún ọdún pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la ó bu ni jẹ?

Ní ti ọkọ̀ tí bàbá yín fi sìn yín dé iléèwé, tó sì fi sílẹ̀ fún yín lọ, mo mọ̀ pé ó ṣòro láti tà. Ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí ogún gbogbo yín ni. Bí ẹ bá sì fohùn ṣọ̀kan láti tà á, ẹ tà á nígbà tó ṣì lè dá jáde lágbàlá, kí ẹ sọ àléébù rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Èyí tí wọ́n bá fi okùn fà jáde, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni yóò dá iye fún un, kílò ni wọ́n sì máa fi wọ̀n ọ́n.