Ọmọ-Ẹ̀yìn Tàbí Ọmọ-Ogun? Èrò Mi Lórí Ogun Ẹ̀mí Nínú Ìjọ Òde Òní

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn kan kọjá ní òru ọjọ́ Ẹtì, ìbáà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Àgbàdo-Èkìtì tí í ṣe ìlú mi, ariwo ogun ni ẹ óò gbọ́. Wọn a máa pàṣẹ, wọn a máa pàtẹ́wọ́, wọn a máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ọ̀tá ni wọ́n ń bá jà. N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí èmi náà ti wà láàárín wọn, mo sì ti pariwo títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ nípa ọfọ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, àti láti ìgbà tí ọ̀ràn kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ìyá bàbá mi, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sinmi. Ta ni wọ́n ní kí onígbàgbọ́ jẹ́ ná? Ọmọ-ẹ̀yìn ni, àbí ọmọ-ogun?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà gan-an. "Ọmọ-ẹ̀yìn" ni Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀ tí ó sì parí ní ọdún 1884, fi pe àwọn tí ó tẹ̀lé Jésù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́. A lè pè é ní akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní burú, ṣùgbọ́n lójú tèmi "ọmọ-ẹ̀yìn" jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó dúró sẹ́yìn ọ̀gá ni ó ń rí bí ọwọ́ ọ̀gá ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ọmọ tí ó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yóò kọ́kọ́ fẹ́ ẹwìrì fún ìgbà pípẹ́. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò gba ìbáwí. Kò sí ọ̀gá kan tí yóò gbé òòlù lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ń kọ́ Ifá. Ọdún ni a fi ń kà á, kì í ṣe oṣù.

Ọ̀rọ̀ ogun náà kò ṣàjèjì sí wa ní Èkìtì. Láti ọdún 1877 ni ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníwàásù méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bọ̀ títí a fi tọwọ́ bọ̀wé ní ọdún 1886, síbẹ̀ ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká tán. Nítorí náà, nígbà tí oníwàásù bá sọ fún àwọn baba ńlá wa pé ayé kún fún ìjà, kò nílò àpèjúwe kankan.

Kí onígbàgbọ́ tó dé pàápàá, Yorùbá ti ní orúkọ fún àwọn agbára tí ń bá ọmọ ènìyàn jà. Ajogun ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé àwọn mẹ́jọ tí ó jẹ́ olórí wọn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ẹ kíyè sí i pé kò sí orúkọ ará ilé ẹnikẹ́ni nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Lóòótọ́ àwọn baba wa ka àjẹ́ mọ́ ọ̀tá ọmọ ènìyàn, n kò sẹ́ ẹ, a ó sì padà sórí èyí. (Ẹ má ṣe fi ohùn òkè sí ìparí "ajogun" o. Bí ẹ bá fi sí i, ó di "ajogún", ẹni tí yóò pín nínú ohun ìní baba. Mo ti rí i nínú ìwé àdúrà kan tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe yìí, tí gbogbo ìjọ sì ń gbàdúrà kí iná jó àwọn ajogún ilé baba wọn.)

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí àdúrà ogun ti ń lọ. Èmi ni mo hun àpẹẹrẹ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lọ síbẹ̀ rí yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀: "Òrùka tí ọ̀tá fi ká mi mọ́, ká kúrò lára mi! Ilé tí wọ́n kọ́ dí ọ̀nà mi, wó! Ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ ilé mi, là!" Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ka ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí ewì alohùn Yorùbá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1984, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí èyí ti wá. Òrùka wà níbẹ̀ nítorí "ká". Ilé àti ọ̀nà pààrọ̀ ipò. A pe nǹkan náà, a sọ ohun tí ó ṣe, a sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe kúkúrú kan pàṣẹ fún un. Ọfọ̀ ni ìhun yìí jọ. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní kèfèrí ti wọ inú ìjọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè ẹni ni a fi ń gbàdúrà, Yorùbá tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ó lágbára yóò sọ ọ́ bí Yorùbá ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó lágbára. Ibòmíràn ni ó ti dùn mí. Ẹni tí ó ní ọfọ̀ lẹ́nu ní ilẹ̀ wa, wọ́n ti kọ́ ọ. Ó ní èèwọ̀ tí ó ń pa mọ́, ó ní àgbà tí ó lè pè é kí ó bá a wí. Ṣùgbọ́n ìwé àdúrà ogun lónìí, ẹni tí ó wọlé ní alẹ́ àná ni a gbé e fún. A ti gbé òòlù lé ọmọ tí kò tíì fẹ́ ẹwìrì lọ́wọ́.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn kiri ayé, àwọn kan kó ara wọn jọ nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde láti máa gbàdúrà, wọ́n sì ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọ̀wá, sọ pé òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run nítòsí Ìkéjì-Arákéjì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Ènìyàn wọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń ru omi wá kí ó gbàdúrà sí i, wọ́n ń kó oògùn ilé wọn jáde láti jó. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Èkìtì. Ìtàn ìjọ náà sọ pé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọba fúnra rẹ̀ ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ Solomon, ó sì fún wọn ní ilẹ̀ nínú igbó tí ará ìlú ń bẹ̀rù láti wọ̀. Ogun ẹ̀mí nìyẹn! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun igbó. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn. Nígbà tí ó yá, ìjọ náà, tí ó ti di Christ Apostolic Church, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà sílẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n yìí kan náà. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sì sin Babalọlá sí nígbà tí ó kú ní oṣù Keje ọdún 1959.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń sọ pé kò sí àbùkù láyé ìgbà náà. Ní ọdún 1932, wọ́n sọ Babalọlá sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni ó sì fà á. Láti ọjọ́ náà ni ewu yìí ti wà nílẹ̀: kí a máa wá ọ̀tá nínú ẹran ara ẹlòmíràn. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún àwọn ará Éfésù pé kì í ṣe ènìyàn ni a ń bá jà. Nínú orí kẹfà ìwé náà tí a fẹ́ràn láti máa kà, ohun ìjà mélòó ni a fi ń kọlu ọ̀tá? Idà nìkan ni. Àmùrè, ìgbàyà, bàtà, asà àti àṣíborí, ààbò ni wọ́n, orúkọ wọn sì ni òtítọ́, òdodo, àlàáfíà, ìgbàgbọ́ àti ìgbàlà. Ta ni ó lè fi ariwo òru ọjọ́ kan kọ́ òtítọ́?

Mo dé orí ọ̀rọ̀ tèmi wàyí. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo ti kùnà nínú kọ́ọ̀sì kan, ojú sì ń tì mí. Ìjọ kan ní ìlú wa ń ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ. Ní òru kejì, oníwàásù ní kí a di ojú wa, ó ní ẹni tí ó so ìwé wa mọ́lẹ̀ ti darúgbó, abẹ́ òrùlé kan náà ni a jọ ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ ni a sì ti ń jẹun. Èmi àti Yèyé nìkan ni a wà nílé. Mo pariwo ju gbogbo wọn lọ ní òru ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi jẹ oúnjẹ Yèyé. Mo ń parọ́ pé mo ti jẹun lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, búrẹ́dì ni mò ń jẹ nínú yàrá. Yèyé ń gún iyán, ó ń gbé e sílẹ̀, ó ń tún un gbé. Kò béèrè nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹwàá ó pè mí, ó ní kí n wá ka Bíbélì fún òun, nítorí ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Mo mọ ìtàn Bíbélì náà. Ìyá Yèyé kò mọ̀wé rárá kí ó tó wọ ìjọ aládùúrà. Kíláàsì onírìbọmi ni ó ti kọ́ "a, b, d", òun ni ó sì fi Bíbélì yìí kọ́ Yèyé. Yèyé a máa sọ pé wọn kò jẹ́ kí ìyá òun gba àdúrà níwájú ìjọ fún odindi ọdún kan, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ lọ bẹ orogún rẹ̀.

Mo bi í pé ibo ni kí n kà. Ó ní ibi tí ó bá wù mí. N kò mọ ohun tí ó gbé mi dé Éfésù. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, mi ò lè ka ìyókù. Yèyé dúró pẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ta ni ó sọ fún ọ pé èmi ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bínú, bí ó bá sì bínú, kò fi hàn mí. Ó béèrè orúkọ kọ́ọ̀sì tí mo kùnà. Mo ní Fonẹ́tíìkì ni. Ó ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ nípa ìró ọ̀rọ̀ ni, bí ohùn ṣe ń lọ sókè àti sísàlẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀mélòó ni o lọ sí kíláàsì rẹ̀?"

N kò lè dáhùn. Mo dìde, mo lọ gbé ọmọ odó wá. Sáà tí ń bọ̀ ni n óò tún ìdánwò náà ṣe.