Kòkòrò Tí Ó Ń Mú Kí Ọ̀pẹ So



Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń jáde lọ kọ́ iṣẹ́ níta ọgbà ilé-ìwé wọn, lábẹ́ ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973. Àwọn kan ń lọ sí NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìbíní sí Àkúrẹ́, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1939. Nínú irú wọn ni àwọn tí ń kọ́ nípa kòkòrò wà. Òbí lè bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé torí kòkòrò ni mo ṣe ń san owó ilé-ìwé?” Ẹ jẹ́ kí a fi kòkòrò kan ṣoṣo dáhùn.

1. Iṣẹ́ kòkòrò náà

Igi ọ̀pẹ kan náà ni í yọ òdòdó akọ àti òdòdó abo, ṣùgbọ́n kì í sábà yọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ ní láti ti orí igi kan dé orí òmíràn. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ gùn ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Elaeidobius kamerunicus ni ìwé ń pè é.

Bí òdòdó akọ bá là, òórùn rẹ̀ á pe kòkòrò yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Nígbà tí òdòdó abo bá là, òun náà á ta irú òórùn yẹn fún ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò á lọ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ á sì gbọ̀n síbẹ̀.

2. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́

Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé láti ìgbà láéláé, ọ̀pẹ tí òórùn rẹ̀ pe kòkòrò dáadáa ló so jù, tí ó sì bí irúgbìn jù. Kòkòrò tí ó mọ òórùn náà dáadáa ló rí oúnjẹ, tí ó sì bí ọmọ jù. Díẹ̀díẹ̀, láti ìran dé ìran, ọ̀kan bá èkejì mu.

3. Ẹ̀rí láti Màléṣíà

Ní 1848 ni a gbé ọ̀pẹ láti Áfíríkà dé erékùṣù Java, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé Màléṣíà lẹ́yìn náà. Kòkòrò yìí kò bá a lọ. Ọwọ́ ni àwọn lébìrà fi ń da lẹ́búlẹ́bú sí òdòdó nínú oko ńláńlá. Onímọ̀ kan, Rahman Syed, wádìí kòkòrò náà ní Kamẹrúùnù. Ní 1981 ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Màléṣíà, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn fi dáwọ́ dúró. Ọ̀fẹ́ ni tiwa níhìn-ín.

4. Bí a ṣe ń wádìí rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àpò aṣọ bo òdòdó abo kan kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́, kí ó sì fi òmíràn sílẹ̀ ní gbangba. Nígbà ìkórè, yóò ka ẹyìn tí ó ní èkùrọ́ nínú ìdì méjèèjì. Èyí tí kòkòrò kò dé á máa ní ẹyìn wẹ́wẹ́ tí kò ní èkùrọ́, tàbí kí ìdì náà jẹrà.

5. Ohun tí ó kàn wá

(a) Ẹ má fín oògùn kòkòrò sí òdòdó ọ̀pẹ tí ó là.
(b) Ẹ má sun òdòdó akọ tí ó ti rọ. Inú rẹ̀ ni ìdin kòkòrò yìí ti ń dàgbà, kò sì pa ọ̀pẹ lára.
(d) Ẹni tí ó ń dá ẹmu lára òdòdó akọ, kí ó fi púpọ̀ sílẹ̀.
(e) Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìwé ilé-ìwé rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí ó wọ oko. Ẹ sọ fún un pé kí ó padà wá sọ ohun tí ó rí.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́

1. Kí ni ọ̀pẹ ń fún kòkòrò? Kí ni kòkòrò ń fún ọ̀pẹ?
2. Oògùn wo ni à ń fín ní oko wa, ìgbà wo sì ni?
3. Ta ni nínú àwọn ọmọ wa tí yóò ka kòkòrò orí òdòdó akọ mẹ́ta kí a tó tún pàdé?