Kò Dákú, Ṣùgbọ́n Ó Ti Ṣèṣe



Ní Festac àti Amuwo-Odofin, bí ẹni méjì bá fò sókè láti kan bọ́ọ̀lù, tí orí wọn sì gbá ara wọn, a ó da omi tútù lé ẹni tó ṣubú lórí, a ó ní kó padà sórí pápá. Àṣìṣe ńlá ni.

Ọpọlọ rọ̀, inú omi ló sì wà nínú agbárí. Bí orí bá gbá nǹkan, ọpọlọ lè mì jìgìjìgì, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì dàrú fúngbà díẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní concussion. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe kì í dákú rárá, orí wọn sì lè má bẹ́jẹ̀.

Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n? Orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì lè máa gbé e, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á máa ni í lára. Èyí tí mo kà sí jù ni ìgbàgbé: ó bèèrè iye góòlù, ẹ dá a lóhùn, kò pẹ́ ó tún bèèrè. Ẹ má fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn àmì mìíràn lè má yọ títí di ọjọ́ kejì: ìbínú láìnídìí, àìlèkàwé, oorun tó dàrú.

Ní February 21, 2021, Victor Osimhen, ọmọ Èkó tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli nígbà náà, fi ẹ̀yìn orí lalẹ̀ nínú ìdíje pẹ̀lú Atalanta. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì sùn mọ́jú. Tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin arábìnrin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan. Ẹni tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tàbí tó forí gbá irin nígbà tí dánfó já sí kòtò, ọ̀kan náà ni.

Kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́jọ́ náà, kó má wa mọ́tò, kó má sì dá wà. Kó sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó padà sórí pápá, nítorí orí tó tún gbá nǹkan kí ọpọlọ tó san lè la ẹ̀mí lọ. Bí ìforíkanlẹ̀ bá ń dá kún ẹ̀fọ́rí rẹ̀, aláìsàn lè jókòó kírun.

Ṣùgbọ́n bó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí gìrì mú un, tí ẹyinjú kan tóbi ju èkejì, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí tàbí imú, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.